Corolla Dúdú, Ọ̀sẹ̀ Kẹfà: Àmì Omi Tí Kò Fẹ́ Kúrò Lórí Bónẹ́ẹ̀tì

Ìda ìkunkọ̀ tí mo ṣèlérí pé n ó fi pa gbogbo ara Corolla dúdú tí mo ń tún ṣe yìí ló yẹ kí n jábọ̀ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣí agolo rẹ̀ rárá. Iṣẹ́ iná iwájú méjèèjì ti parí. Sánpépà nọ́ńbà 1000, 2000 àti 3000 pẹ̀lú omi ti ha ojú pípọ́n tó bò wọ́n kúrò. Rímù náà ti mọ́. Inú ọkọ̀ mọ́ pẹ̀lú, àfi iyanrìn díẹ̀ tó ṣì há sábẹ́ àga awakọ̀.

Bónẹ́ẹ̀tì ló gba gbogbo Sátidé mi. Àwọn àmì funfun roboto tí mo mẹ́nu bà lọ́sẹ̀ tó kọjá kò kúrò, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Bí mo bá da omi sí i, a ò ní rí ẹyọ kan, bónẹ́ẹ̀tì á dúdú kíní-kíní bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́ tán, gbogbo wọn á tún jáde bí ẹni pé ẹnìkan ti ìka bọ ẹfun, tó wá ń tọ́ ọ kálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ̀ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo pààrọ̀ ọṣẹ, mo pààrọ̀ aṣọ ìnukọ̀, mo tilẹ̀ di ẹ̀bi náà ru kànrìnkàn.

Ìyá onílé wa ló tú àṣírí náà níbi tó jókòó sí, tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, “Ṣé ara ọkọ̀ yìí kò yá ni, tí o fi ń wẹ̀ ẹ́ báyìí?” Mo ní kí wọ́n má bínú, pé àmì ló wà lára rẹ̀. Ó ní, “Omi kànga yẹn kọ́ lo fi ń fọ̀ ọ́? Omi tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀! Kí lo rò pé mo ń gbe omi òjò fún?”

Ojú tì mí díẹ̀, nítorí èmi náà ń rí èèpá funfun nísàlẹ̀ kẹ́túlù wa láràárọ̀. Kálísíọ̀mù àti mágnísíọ̀mù, èròjà inú ilẹ̀ tó ń yọ́ sínú omi kànga, ló ń mú omi le tí ọṣẹ kì í fi hó nínú rẹ̀. Omi á gbẹ, àwọn á jókòó síbẹ̀. Síbẹ̀ mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Mo tẹ́ gíláàsì fèrèsé àtijọ́ kan sínú oòrùn, mo kán omi kànga, omi òjò àti omi bátìrì (omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n ń bù sínú bátìrì ọkọ̀) sórí rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ, omi bátìrì kò fi nǹkan kan sílẹ̀, omi òjò fi eruku fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, omi kànga sì fi òrùka funfun kan sílẹ̀ tí etí rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná mi fi ha ìyẹ̀fun kúrò lára rẹ̀.

Fínígà ni mo fi kojú rẹ̀, ìlàjì fínígà, ìlàjì omi bátìrì, nínú ike tí a fi ń fín omi. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ níbí: bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ oníbátìrì, ẹ sọ ọ́ yékéyéké pé omi lẹ fẹ́, kì í ṣe ásíìdì, nítorí inú irú ike kan náà ni omi àti ásíìdì wà lọ́dọ̀ ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítòsí oríta Ọláìyá ní Òṣogbo, díẹ̀ ló sì kù kí ó fún mi ní èyí tí ìbá bó ọ̀dà ọkọ̀ mi. Mo dúró di ìrọ̀lẹ́ kí irin náà lè tutù, mo fín in síbi kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, mo fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì láìjẹ́ kí ó gbẹ, mo nù ún, mo sì ṣàn án. Gbogbo àgbàlá ń rùn bí ọtí kíkan, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àmì náà lọ.

Àwọn tó kù, bí ogún, wà lápá ibi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń kọ́kọ́ bà. Àwọn wọ̀nyí ti jẹ wọnú ọ̀dà; fínígà kò lè kún ihò. Mo fi téèpù yí ibi kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì ká, mo sì fi ìpara tó ń mú ọ̀dà dán ra á pẹ̀lú ọwọ́. Mẹ́ta parẹ́ pátápátá, ọ̀kan rẹlẹ̀, apá sì ń ro mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà mo ti yí ètò padà. Ìda á dúró. Sátidé tó ń bọ̀, n ó fi ọwọ́ parí bónẹ́ẹ̀tì, n kò ní yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà dán, nítorí n kò mọ bí ọ̀dà tó kù níbẹ̀ ṣe nípọn tó. Omi kànga ni n ó ṣì máa fi ṣí ẹrẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n omi òjò ni n ó fi ṣàn án kẹ́yìn, bíi lítà mẹ́wàá, n ó sì nù ún gbẹ kí oòrùn tó bá a. Ìyá onílé ti gbà kí n gbé dúrọ́ọ̀mù mi sábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ eruku orí páànù lọ kí n tó gbé e síbẹ̀. Òjò ọjọ́ Àìkú kún un dé ìdajì.