Ibi Tí Update Yẹn Ti Há Gan-an

Sátidé, lálẹ́

Òní ni mo tó ráyè jókòó ti laptop ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ tí update kan ti ń kọ̀ fún wọn, á download tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í install, á rìn dé ibì kan, ló bá tún gbé error 0x80070643 jáde pẹ̀lú bọ́tìnì Retry lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ tẹ Retry, bákan náà. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tún un tàn, bákan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà lọ́kàn wọn pé fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́, wọ́n sì ti ń wá ẹni tó máa bá wọn nu gbogbo ẹ̀ dànù táá tún Windows kọ sí i látìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù ná.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí ohun kan tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí: error yẹn ò sọ ibi tó ń dùn ún. Gbogbo ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ò ju pé install kùnà lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ rárá, nọ́ńbà kan náà sì ni .NET (ètò Microsoft tí àwọn app kan gbára lé) máa ń gbé jáde tó bá kọ̀, òun náà ni antivirus inú Windows máa ń gbé jáde nígbà míì, ẹni tó bá lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì á wá máa run sfc (àṣẹ tó ń yẹ fáìlì Windows wò), á máa pa fáìlì temp rẹ́, á máa da Windows Update dúró á tún máa tì í ṣiṣẹ́, ilẹ̀ á sì ṣú. Kò sí èyí tó kan ojú egbò nínú gbogbo ẹ̀. Àyè ni ò tó. Tó bá jẹ́ pé ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè ò tó nínú recovery partition (apá kékeré lára dísìkì tí irinṣẹ́ àtúnṣe Windows ń gbé), ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní dààmú tó bí wọ́n ṣe dààmú.

KB5034441 lorúkọ update yẹn, ó jáde ní 9 January 2024 fún Windows 10 (ti Windows 11 21H2 jẹ́ KB5034440). Ihò ààbò kan ló wá dí, CVE-2024-20666 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀: ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá tẹ kọ̀ǹpútà èèyàn lójúkojú lè gba inú WinRE kọjá kó sì yẹ BitLocker tó ń ti dísìkì pa sílẹ̀. WinRE yìí (Windows Recovery Environment) ni ojú ewé búlúù tó máa ń yọ tí Windows bá kọ̀ tí ò dìde mọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ Troubleshoot, Startup Repair àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inú C: kọ́ ló ń gbé, ó ní partition kékeré tiẹ̀ tí ò ní lẹ́tà, tí File Explorer ò ní fi hàn yín láé, fáìlì kan tó ń jẹ́ winre.wim ló wà níbẹ̀. Fáìlì yẹn ni update fẹ́ tún ṣe, ó sì nílò àyè 250 MB tó ṣófo nínú partition yẹn kó tó lè ṣe é. Nǹkan bíi 500 MB péré sì ni gbogbo partition ọ̀hún lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, winre.wim á sì ti jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé àmọ́ àyè pọ̀ nínú ẹ̀rọ àwọn, òótọ́ ni, C: wọn ṣì ní àyè rẹpẹtẹ, kò kàn lè ran ìyẹn lọ́wọ́ ni.

Mo ṣí Command Prompt bí administrator, mo tẹ reagentc /info, reagentc ni àṣẹ tó ń bójú tó WinRE. Ó ní Enabled, ó sì kọ ibi tó wà, harddisk0, partition4. Ibi tó máa ń tan èèyàn jẹ ló tẹ̀ lé e: tẹ́ ẹ bá ṣí Disk Management, ẹ ó rí i tó kọ 100% Free sí iwájú recovery partition, ẹ ó wá rò pé àyè kún ibẹ̀. Irọ́ ni o, kò wo inú ẹ̀ ni, torí kò ní lẹ́tà. PowerShell, ojú ibòmíì tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, ni mo gbà, mo tẹ Get-Volume, ó sọ òótọ́ fún mi pé ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ò tó 100 MB. Ara mi balẹ̀ nígbà tí mo rí ìyẹn, torí ó ti hàn pé ẹ̀rọ yẹn ò ṣàìsàn kankan.

Kí n tó fọwọ́ kan dísìkì, ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé fọ́tò àwọn ọmọ ò ní lọ?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó wọn jáde, ẹ̀gbọ́n mi, ká tó ṣe nǹkan kan." A kó wọn sórí hard disk ìta, mo sì ṣí díẹ̀ wò nínú wọn kó dá mi lójú pé wọ́n ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tẹ manage-bde -protectors -get C: kí n rí recovery key BitLocker wọn, èyí tó máa ṣí dísìkì bí BitLocker bá tì í pa, nọ́ńbà gígùn oní-48 yẹn, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé. Ọ̀pọ̀ laptop tuntun ló jẹ́ pé wọ́n ti tì í pa láti ilé iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, ẹ má ṣe fọwọ́ kan partition kankan láìní key yẹn lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín.

Ó wá kan iṣẹ́ gan-an. Mo tẹ reagentc /disable, ìyẹn á gbé winre.wim kúrò nínú partition yẹn wá sínú C:\Windows\System32\Recovery, fáìlì tó fara pamọ́ ni, dir /a lẹ máa fi rí i. Mo lọ wò ó, ó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀ ni, ǹ bá dúró síbẹ̀ yẹn lóòótọ́, torí ohun tó kàn lẹ́yìn ẹ̀ ni pé ẹ máa pa partition rẹ́, tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Mo wọ diskpart, irinṣẹ́ Windows tí wọ́n fi ń pín dísìkì. List disk, sel disk 0, list part. Ẹ wo tábìlì yẹn dáadáa, ẹ má kánjú: System 100 MB, Reserved 16 MB, Primary tó tóbi, Recovery 509 MB ní ìparí. Mo sel Primary yẹn, mo tẹ shrink desired=250 minimum=250, ó gé 250 MB kúrò lára C:. Mo wá sel partition 4, mo tún tẹ list part kí n lè rí àmì ìràwọ̀ kékeré tó máa ń yọ sí iwájú èyí tí èèyàn mú. Àmì yẹn ni mo tẹjú mọ́ kí n tó tẹ delete partition override, torí diskpart kì í béèrè pé ṣé ó dá yín lójú, tẹ́ ẹ bá ti tẹ Enter ó ti ṣe é nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́yìn mi, wọn ò sọ̀rọ̀.

GPT ni dísìkì náà (GPT àti MBR ni ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà to partition sórí dísìkì), ìràwọ̀ tó wà lábẹ́ Gpt nínú list disk ló sọ bẹ́ẹ̀, torí náà create partition primary id=de94bba4-06d1-4d40-a16a-bfd50179d6ac ni mo tẹ̀, mo dà á kọ ni o, kò sẹ́ni tó máa há irú ìyẹn sórí, lẹ́yìn ẹ̀ gpt attributes=0x8000000000000001, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí Windows fún un ní lẹ́tà. Tó bá jẹ́ MBR ni, id=27 péré ni, kò sí attributes. Format quick fs=ntfs label="Windows RE tools", exit, reagentc /enable. Operation Successful. Partition náà ti di nǹkan bíi 759 MB. Mo padà sí Windows Update, mo tẹ Retry, ó sì wọlé wẹ́rẹ́.

Mi ò fi mọ síbẹ̀ o. Mo tẹ reagentc /boottore, mo restart ẹ̀, kí n lè fojú ara mi rí i pé WinRE ń dìde, torí kò sí àǹfààní kankan kéèyàn rí Enabled lórí ìwé kó wá jẹ́ pé ọjọ́ tí Windows bá kú ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà yẹn ò ṣí. Ó dìde.

Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Microsoft ti sọ lẹ́yìn náà pé àtúnṣe tó máa ṣe ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ò ní sí, àfi kéèyàn fọwọ́ ṣe é, kò sì yẹ kó jẹ́ pé ìyá arúgbó tó kàn fẹ́ wo ọmọ ẹ̀ lórí fídíò ló máa wọ diskpart. Tí kọ̀ǹpútà yín ò bá ní WinRE rárá, ẹ ò nílò update yìí, ẹ fi error yẹn sílẹ̀. Tẹ́ ò bá lo BitLocker, ihò yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín, kò sí ìkánjú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni torí ẹ̀ nu kọ̀ǹpútà yín.

Ó ku ti àbúrò mi. Tiẹ̀ yàtọ̀, Windows 10 àtijọ́ ni, recovery ló wà níwájú pátápátá, System àti C: ló wà lẹ́yìn ẹ̀, bí mo bá gé C: ẹ̀yìn ni àyè máa bọ́ sí, kò lè dà pọ̀ mọ́ ti iwájú. Mo máa gé nǹkan bíi 1000 MB, kí n ṣe recovery tuntun sẹ́yìn, kí n pa ti iwájú rẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti rí winre.wim nínú C:, mi ò sì ní fọwọ́ kan System 100 MB yẹn rárá torí ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń gbéra. Mo ti ní kó kó fáìlì ẹ̀ jáde kó tó gbé e wá.