Dámi ń wo ẹnu wa

Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun láti ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà di ọwọ́ mi mú: "Ìyá Dámi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kó máa jókòó tì yín nínú ìsìn. Bíbélì náà ló ní gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá."

Dámi ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

Nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití tó wà ní Kuje la ṣe fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ wá sí Àbújá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n ṣáà ti gbọ́ ìlù àti orin Yorùbá, àárò ilé á fúyẹ́. Àfi ọjọ́ yẹn. Mo rántí ìyá mi àgbà tí kò mọ̀wé, bó ṣe ń kọ́ wa ní ìtàn Náámánì: á tẹ̀ bọ omi tí kò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, àwa náà á máa tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ gbe ilé. Bàbá adití kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó. N kò rí ẹni tó kọ́ ọ ní ẹsẹ kan rí. "Ṣé o dití ni?" la sì fi ń bá ọmọ olóríkunkun wí. Mo ti sọ ọ́ sí àbúrò mi rí. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ ti etí Dámi fún mi, gbólóhùn yẹn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Tíṣà yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àmọ́ nínú Máàkù orí keje, Jésù mú adití kúrò láàárín èrò, ó fi ìka sí i létí, ó fọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀. Ohun tí ojú ọkùnrin náà lè rí ló kọ́kọ́ fi bá a sọ̀rọ̀. Èdè ọwọ́ tí Dámi ń sọ yìí pàápàá, míṣọ́nárì ló gbin irú rẹ̀ sílẹ̀ wa: Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà, adití fúnra rẹ̀, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fáwọn adití n'Ìbàdàn ní 1960.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kíláàsì náà, mo jókòó ti ọmọ mi. Àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì ni wọ́n ń kọ́. Mo ń fọwọ́ sọ ọ́ fún un. Ọmọbìnrin kan yíjú sí wa, ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń sọ "ẹja". Dámi na ọwọ́, ó ń mì ín bí ìrù. Ọmọ mẹ́fà ti ń ṣe é kí tíṣà tó rí wọn. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí Dámi tún un ṣe.