Ọṣẹ gbẹ sí mi lára: ohun tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kọ́ mi

Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ má bínú, kò tíì pẹ́ rárá tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe mí. Ẹ̀yin tó ti ṣe rí mọ̀ ọ́n: ẹ ó sùn wákàtí mẹ́wàá, ẹ ó sì jí bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì mọ́jú.

Ibà ni mo pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lo oògùn ibà láàárín oṣù méjì, mo tún mu àgbo lé e. Orí ń rìn mí, apá wúwo, ẹ̀yìn ń ro mí. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé inú mi bàjẹ́, màá ní rárá, ó kàn rẹ̀ mí ni.

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wọ balùwẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Mo fi ọṣẹ para tán, mo fẹ́ mú ike tí mo fi ń bu omi, ọwọ́ ò gbéra. Kò dùn mí o. Mo kàn ń wo ike pupa yẹn tó léfòó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, bíi pé ẹlòmíì ló ni ọwọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀. Ọṣẹ ń gbẹ, ó ń fa awọ ara mi. Ìyá ọkọ mi kanlẹ̀kùn: "Ìyàwó, ṣé o ti sùn síbẹ̀ ni?" Mi ò lè dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń lọ, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ọ̀lẹ tún ti dé." Ẹkún gan-an ò wá. Nígbà tí ọkọ mi fi wọlé, ó ti tó aago mẹ́sàn-án. Òun ló da omi sí mi lára bí ọmọ ọwọ́.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti táírọ́ọ̀dù (ẹ̀yà ara kan ní ọrùn) wò, kò sí nǹkan. Ó bi mí ní ìbéèrè 9 nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Mo lo oògùn, mo ń lọ bá olùgbaninímọ̀ràn sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: kì í ṣe ọ̀lẹ. Aránṣọ ni mí. Bí iná bá rẹlẹ̀, mọ́tò máṣíìnì á máa kùn, abẹ́rẹ́ ò ní lọ. Ta ló ń bú máṣíìnì? Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ṣe nílò iná tirẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara ni àwọn nǹkan tíńtìntín tí wọ́n ń pè ní mitochondria wà. Wọ́n ń fi oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí ṣe ATP, agbára tí ara ń ná. Ọpọlọ ò ju ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ ó ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára náà. Àwọn olùwádìí ti rí i pé iṣẹ́ mitochondria lè dín kù lára àwọn kan tó ní àìsàn yìí. Wọn ò tíì mọ̀ bóyá òun ló fà á. Èmi ò dúró dè wọ́n.

Èkejì: ara ríro náà lè jẹ́ ti ọkàn, ẹ má máa gbé oògùn ibà mì lásán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. (Mo ń gbàdúrà o, kí ẹnikẹ́ni má bi mí.)

Ẹ̀kẹta, mo ti sọ ọ́: kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìyá ọkọ mi ò tíì bẹ̀ mí. Lánàá, wọ́n gbé aṣọ wá pé kí n rán bùbá fún àwọn. Mo ti gé e.