Kẹ̀kẹ́ Ológeere Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin: Láti Òṣogbo sí Èkó, Láti Èkó Padà Wálé

Ibùdókọ̀ rélùwéè Òṣogbo kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú ìlú. Ẹni tó bá wà ní Old Garage lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ láìlàágùn, ibẹ̀ ni ó sì wà láti nǹkan bí ọdún 1907 tí irin ti gba Ìbàdàn dé ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó àti èkùrọ́ sì wá kọ́ ilé ìtajà wọn sí ìtòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ èrò tó ń ná ọ̀nà Èkó lójoojúmọ́ ní ìgbà tí mo rin ìrìnàjò yìí kì í dé Òṣogbo. Mọ́níyà, lẹ́yìn Òjóò ní Ìbàdàn, ni ó ń parí ìrìn rẹ̀ sí, nítorí pé irin tuntun tí ọkọ̀ èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní oṣù kẹfà ọdún 2021 fẹ̀ ní mìlímítà 1,435, nígbà tí irin àtijọ́ tó gba Òṣogbo kọjá lọ sí Ọ̀fà, Ìlọrin àti Kánò fẹ̀ ní mìlímítà 1,067 péré, tí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kò sì lè rìn lórí èkejì. Wọ́n ti fi Òṣogbo sínú ètò ìtẹ̀síwájú irin tuntun náà, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í wọ ètò lọ sí Èkó.

Mo lè wọ mọ́tò dé Mọ́níyà bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Ohun tí mo rò ni pé bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó, n ó tún máa wá ọkọ̀ kiri, n ó sì máa ná owó sórí owó. Nítorí náà ni mo ṣe pinnu ní ìparí ọdún pé kẹ̀kẹ́ ológeere mi ni yóò gbé mi dé Ìbàdàn, tí èmi náà yóò wá gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin, kí ó lè tún gbé mi nígbà tí a bá dé ọ̀hún.

Kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ èyí tó ṣeé ká. Táyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 20, irin àárín rẹ̀ ní oríkèé tí a fi ń ṣẹ́ ẹ sí méjì, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ sílẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì ń wọlẹ̀. Jámánì ni mo ti mọ ìwúlò irú rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi ní ìlú Hamburg, a gbèrò láti gbé kẹ̀kẹ́ méjì lọ sí gúúsù orílẹ̀-èdè náà nínú ICE, ọkọ̀ ojú irin ayára bí àṣá ti Jámánì, àbúrò mi sì fi yé mi pé tíkẹ́ẹ̀tì tiwa nìkan kò tó: odindi kẹ̀kẹ́, èyí tí a kò ká, ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní àyè tí a ti gbà sílẹ̀ fún un ṣáájú. ICE 4 tí a wọ̀ ní àyè kẹ̀kẹ́ mẹ́jọ, kò sì sí ìkẹsàn-án. Nọ́ńbà kóòṣì àti nọ́ńbà àyè kẹ̀kẹ́ wà lórí ìwé tí a gbà, wọ́n sì fi lẹ́tà A, B, C pín pèpéle ibùdókọ̀ sí abala abala kí oníkẹ̀kẹ́ lè mọ ibi tí kóòṣì rẹ̀ yóò dúró sí, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń lò kó tó ṣí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò gba àyè sílẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí pèpéle nígbà tí a lọ. Ìyá àgbàlagbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká kẹ̀kẹ́ kékeré tirẹ̀, ó gbé e wọlé, kò sì san kọ́bọ̀ lé owó ara rẹ̀, nítorí pé ẹrù lásán ni òfin wọn ka kẹ̀kẹ́ tó bá ti ká sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ irú kẹ̀kẹ́ tí n ó rà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ yóò rántí kóòṣì gáàdì tó máa ń wà ní ìdí ọkọ̀, níbi tí gáàdì tó ń ju àsíá aláwọ̀ ewé ti ń jókòó láàárín àpò lẹ́tà, agbọ̀n adìyẹ àti ẹrù àwọn èrò. Bàbá mi ṣe tíṣà ní Òkukù, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń gbé kẹ̀kẹ́ Raleigh wọn sí bí wọ́n bá ń ti Òṣogbo padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọn a san owó ẹrù, akọ̀wé a so páálí kékeré tí a kọ "Òkukù" sí mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, bí ọkọ̀ bá sì dúró, gáàdì a ti sọ kẹ̀kẹ́ náà kalẹ̀ kí bàbá tó rí ọ̀nà jáde láàárín èrò. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, ìgbéraga máa ń wà lójú wọn, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́ ọkọ̀ náà.

Mo kúrò ní Òkè-Fìà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo sì gba ọ̀nà Ìwó. Ọyẹ́ mú, ètè mi ń bó, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn ń fẹ́, ẹ̀yìn sì ni ó ti ń ti ẹni tó kọrí sí Ìbàdàn. Mo jẹ àmàlà ní Ìwó, mo sinmi ní Lálúpọn, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ni mo sùn mọ́jú. Nípa àwọn tírélà ojú ọ̀nà yẹn, ẹnu mi kò gbọ̀rọ̀.

Ibùdókọ̀ Mọ́níyà, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ, tóbi, ó sì mọ́. Níta ni mo ti ká kẹ̀kẹ́ mi, mo sì tì í bọ inú àpò tí télọ̀ kan ní Òṣogbo fi tapólì rán fún mi. Àpò yìí ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ti rò lọ: ohun tó bá wà nínú àpò, ẹrù ni lójú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí táyà lóde, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹrù ni wọ́n ń gbé gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá kí èrò tó wọlé. Òṣìṣẹ́ aláàbò tó wà nídìí rẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ náà, ó rí irin, ó rí òbìrípo méjì, ó sì na ọwọ́ dá mi dúró.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ dì sínú báàgì yìí?"

"Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin lẹ rà á fún ọmọ?"

"Èmi ni mo ń gùn ún. Òun ni mo gùn wá láti Òṣogbo."

Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wá. Wọ́n ní kí n tú u, mo tú u. Wọ́n ní kí n tún un ká, mo tún un ká, èrò sì pé lé wa lórí. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra rẹ̀ bá mi gbé e kọjá. "Ẹ kú agbára o, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dí ọ̀nà fún èrò o."

Ibi tí ènìyàn yóò gbé e sí nínú kóòṣì ni iṣẹ́ wà. Pẹpẹ ẹrù tó wà lókè orí kò gbà á, bí ó bá sì gbà á pàápàá, n kò ní jókòó sábẹ̀ irin tó wúwo bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kò dára, nítorí pé gbogbo ibùdókọ̀ ni èrò yóò ti fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ibi tó tẹ́ mi lọ́rùn ni àlàfo ẹ̀yìn ìjókòó tó kẹ́yìn, láàárín òun àti ògiri kóòṣì. Mo kọ ojú ṣéènì sí ògiri, mo sì fi rọ́bà de gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ìjókòó kí ó má baà ṣubú nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ẹni tó bá kọ ṣéènì síta ń wá ẹjọ́, nítorí pé gíríìsì dúdú kì í bọ́ lára léèsì, ìyàwó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó wọ àdìrẹ eléko tuntun. Èmi ọmọ ìlú aró ni n ó wá ba aṣọ aláró jẹ́? Kí ọkọ̀ tó gbéra ni mo ti fi ọ̀rá wé ṣéènì náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kìlómítà 157 ni irin náà láti Èkó dé Ìbàdàn, ìjókòó rẹ̀ sì tura. Ní Láderin, níbi tí ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta wà, mo wo àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ná owó pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà lábẹ́ oòrùn. Ibùdókọ̀ náà jìnnà sí àárín ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni Mọ́níyà jìnnà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò Ìbàdàn, ohun tí ènìyàn bá sì fi pamọ́ nínú owó ọkọ̀ ojú irin lè tán sọ́wọ́ ọlọ́kadà kó tó délé. Èyí gan-an ni ìdí tí mo fi gbà pé kẹ̀kẹ́ àti irin tuntun yìí yẹ ara wọn. Ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágọ̀mejì, èrò ṣì ń wá ọkọ̀ nígbà tí mo ti tú kẹ̀kẹ́ mi, tí mo sì ti wà lórí rẹ̀. Jaekel House ni mo kọ́kọ́ lọ, ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898 nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè báyìí. Ó wù mí kí bàbá mi wà pẹ̀lú mi níbẹ̀.

Orí irin àtijọ́ ni mo gbà padà. Ní ìgbà ìjọba Ògbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ni ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọkọ̀ ojú irin tó ń kó àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà wálé lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó nígbà ọdún, ti Kérésìmesì ni mo sì bá wálé. Ọkọ̀ yìí kò jọ ti Mọ́níyà rárá. Àpò ìrẹsì wà nílẹ̀, adìyẹ wà lábẹ́ ìjókòó, àwọn ọmọdé jókòó lórí ẹrù, àwọn kan ń kọrin, àwọn kan sì ń jà nítorí àyè. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga débi pé ọkùnrin méjì ni wọ́n bá mi gba kẹ̀kẹ́ náà láti òkè. Kò sí ẹni tó bi mí ohun tó wà nínú àpò. Nígbà tí mo fi máa wo ẹ̀yìn, bàbá kan ti jókòó lé e lórí, mo sì ní láti bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kẹ̀kẹ́ ló wà níbẹ̀, sípóòkù rẹ̀ lè ṣẹ́." Bàbá dìde, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì sọ ara wọn di ẹ̀ṣọ́ kẹ̀kẹ́ náà títí a fi kọjá Ìbàdàn.

Inú mi dùn sí ìrìn yẹn ju ti àlọ lọ, síbẹ̀ n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: inú rere àwọn èrò ni kẹ̀kẹ́ mi fi délé láìfarapa. Bí wọ́n bá so kóòṣì ẹrù kan ṣoṣo mọ́ ìdí ọkọ̀, tí wọ́n fi ìkọ́ bíi mélòó kan sára ògiri rẹ̀, tí wọ́n sì ń gba owó díẹ̀ lórí odindi kẹ̀kẹ́ bíi ti ayé bàbá mi, bàbá tó rẹ̀ yóò rí ibi jókòó, ẹni tí agbára rẹ̀ kò sì ká kẹ̀kẹ́ tó ń ká, nítorí pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, yóò lè gbé èyí tó ní.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé Òṣogbo. Kí n tó kúrò lórí pèpéle, mo bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bóyá ọmọkùnrin mi lè gbé odindi kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wọ ọkọ̀ ọdún Iléyá. Ó wo àpò mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọmọ náà tètè dé, kí ẹrù àwọn ará Èkó tó gba ìdí kóòṣì.