Apá Funfun Kì í Se Oúnjẹ

Hosta àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi, inú bíìnì ni mo dà á sí. Ìyá àgbà òyìnbó tí a jọ pààlà ògiri ló gbé e kọjá sí mi nígbà ooru ọdún tí a kó dé Manchester. Òdòdó inú ọgbà ni, ewé rẹ̀ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbìn ín. Ewé ọ̀hún fẹ̀ díẹ̀ bíi ti kókò, àárín rẹ̀ tutù minimini, etí rẹ̀ funfun báláú. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ń bomi rin ín, mo ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Nígbà tó di Oṣù Kọkànlá, ìrì dídì bọ́ lóru ọjọ́ kan. Ilẹ̀ mọ́, ewé náà ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ gbàgbé sórí iná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ilẹ̀ lásán ló kù nínú ìkòkò. Mo ní ó ti kú. Mo dà á nù, mo fọ ìkòkò, mo ń kó èèkàn aṣọ sínú rẹ̀.

Ní Oṣù Kẹrin, ìyá náà bi mí bóyá hosta mi ti yọjú. Mo ní ó ti pẹ́ tó ti kú. Ó wò mí, ó wo ìkòkò èèkàn aṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní hosta kì í kú nígbà òtútù, ṣe ló ń sùn. Ewé á jẹrà, gbòǹgbò á wà nísàlẹ̀, ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá tún ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kódà dandan ni òtútù yẹn fún un. Tí kò bá rí ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tó tutù dáadáa sùn, ṣe ló máa ń joro sí i lọ́dọọdún. (Ìdáhùn tí mo ń fún màámi nìyẹn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ní kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta.) Ìyá àgbà wọlé lọ mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì, ó hú tirẹ̀ jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ lára, ó là á sí méjì. Ojú mẹ́ta ló wà lórí apá tó fún mi, wọ́n ṣe ṣóńṣó bí ìgbà tí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Eléyìí, má da á nù o."

Ẹ̀yìnkùlé wa kọjú sí àríwá. Igi síkámọ̀ ńlá kan wà nílé ẹ̀yìn tó na ọwọ́ rẹ̀ bò wá, ògiri sì ga lápá ọ̀tún. Nígbà ooru pàápàá, wákàtí méjì sí mẹ́ta láàárọ̀ ni oòrùn fi ń bẹ̀ wá wò, àti díẹ̀ ní igun kan nírọ̀lẹ́. Mo ti gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀ rí, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ata tí mo gbìn so mẹ́ta péré, ọkọ mi sì kọ̀ láti jẹ wọ́n nítorí ó ní ó yẹ ká kó wọn lọ síbi tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Hosta ni ohun kan ṣoṣo tó dé ibẹ̀ tó ṣe bí ẹni tó délé. Ọmọ abẹ́ igi ni. Jàpáánì, Ṣáínà àti Kòríà ló ti wá. Dókítà ará Jámánì kan, Philipp Franz von Siebold, tó ń bá àwọn ará Netherlands ṣiṣẹ́ ní Nagasaki, wà lára àwọn tó kó o wá sí Yúróòpù. Ní 1829 ni ìjọba Jàpáánì lé e kúrò nílùú nítorí máàpù ilẹ̀ wọn tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì lèmi. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé dókítà tí wọ́n ń lé lọ ṣì ráyè kó igbó mọ́ ẹrù.

Ọmọ Ìtòkú ni mí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá ìyá mi ń ṣe. Wọ́n á ro láfún títí á fi ki, wọ́n á ti ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, wọ́n á fi ya ọnà sórí aṣọ funfun. Tó bá ti gbẹ, wọ́n á rẹ aṣọ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní ráyè wọ ibẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá họ ẹ̀kọ náà kúrò ni ọnà máa tó jáde. Èmi ni mo máa ń bá wọn họ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ba tí mo wo ewé hosta yẹn dáadáa, mo rí i pé kì í ṣe àwọ̀ méjì ló wà lára rẹ̀. Láàárín funfun àti àárín tó tutù, àwọ̀ kẹta wà níbẹ̀ tó jọ eérú, ó fọ́n káàkiri etí funfun náà bí ìgbà tí aró bá yọ́ jò wọ abẹ́ ẹ̀kọ. Àléébù ni ìyá ìyá mi máa ń pe ìyẹn lára aṣọ. Lára ewé, òun gan-an ni mo fẹ́ràn jù.

Àmọ́ funfun àdìrẹ kì í pa aṣọ lára. Ti ewé ń pa ewé lára. Ohun tó ń mú ewé tutù yẹn náà ló fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó fi ń se oúnjẹ. Ibi tó bá funfun, ohun yẹn kò sí níbẹ̀. Apá funfun kì í se oúnjẹ, ó kàn ń jókòó jẹ ni, apá tó tutù ló ń bọ́ ọ. Bí funfun bá ṣe pọ̀ tó lára hosta ni ìyà tó ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Mo ní méjì tí èèyàn lè fi mọ̀ ọ́n. Patriot, etí rẹ̀ ló funfun, àárín rẹ̀ tutù. Fire and Ice, àárín ló funfun, etí ló tutù. Inú Patriot ni Fire and Ice ti jáde, bí ẹni wọ dàńsíkí kan náà ní òdì. Ọjọ́ kan náà ni mo gbin àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Patriot ti fẹ̀ ju báàfù ìfọṣọ lọ, mo ti là á lẹ́ẹ̀mejì. Fire and Ice ní ewé meje. Mo kà á.

Ẹ̀bi mi náà wà ńbẹ̀. Mo rò pé gbogbo hosta ló fẹ́ òkùnkùn, mo wá ti Fire and Ice sí igun tó ṣókùnkùn jù. Ó ń tán lọ. Mo tún gbé e lọ síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé díẹ̀. Ọdún 2022 nìyẹn, Oṣù Keje, nígbà tí ooru apá ibì kan ní England kọjá ìwọ̀n 40 (Celsius) fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, mo sùn, nígbà tí mo máa fi jí, gbogbo àárín ewé ti di búráùn, ó gbẹ bí ìwé tí iná rà. Ìṣòro rẹ̀ nìyẹn: ó nílò ìmọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nítorí ìdajì ewé rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ìdajì yẹn náà ni oòrùn sì ń tètè jó. Oòrùn àárọ̀ nìkan ló bá a mu. Báyìí, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ló wà, tó ti ń rí oòrùn títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá, tí ògiri á sì bo ó kí ooru tó mú.

June, hosta mi mìíràn, kò ní wàhálà rárá. Àárín rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí pupa inú ẹyin, etí rẹ̀ tutù tó fẹ́ jọ aró. Bí ibòji bá pọ̀, pípọ́n yẹn á rọlẹ̀, á sún mọ́ àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, June ni kó rà. Frances Williams náà dára, àmọ́ sùúrù ló ń jẹ. Ìyáàfin ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ló rí i ní 1936 ní ọgbà tí wọ́n ti ń ta òdòdó ní Connecticut, òun nìkan ló ní etí pípọ́n láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń wáyé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò ṣe é. Ewé kan kàn yí padà, ẹni tí ojú rẹ̀ mú á rí i.

Ó sì lè yí padà sẹ́yìn. Mo ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Undulata, hosta àtijọ́ tí ewé rẹ̀ ń yípo, tí àárín rẹ̀ funfun. Lọ́dún kẹta, ẹ̀ka kan yọ nínú rẹ̀ tó tutù látòkè délẹ̀, kò sí funfun kankan níbẹ̀. Lọ́dún kejì rẹ̀ wọ́n ti di mẹ́ta, wọ́n sì ga ju àwọn tó kù lọ. Oúnjẹ ń wọlé fún wọn, kò sí ẹni tí wọ́n ń bọ́. Ohun tí gbogbo olọ́gbà máa sọ fún ọ ni pé kí o gé e kúrò kíákíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa gba ilé mọ́ àwọn abilà lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Mo mú ọ̀bẹ lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́ta, mo ń padà. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ yẹn, èyí tó lágbára jù, tó ń ṣiṣẹ́, tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, òun ni wọ́n ní kí n pa nítorí kò ṣe fáàrí. Níkẹyìn mo hú u, mo gbé e sínú ìkòkò tirẹ̀, ìkòkò èèkàn aṣọ ọjọ́sí. Ó kún bámúbámú níbẹ̀ báyìí. Kò sí àlejò tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìgbín. "Bí ìgbín bá fà, ìkarawun a tẹ̀lé e" ni wọ́n fi kọ́ wa nílé. Ti ibí, àwọn kan wà tó fi ìkarawun sílẹ̀ pátápátá, tó ń wọ́ kiri bí ahọ́n tí wọ́n gé jù sílẹ̀. Ìgbín oníhòòhò ni mo ń pè é. Ọ̀tá hosta ni wọ́n, àti eléyìí àti oníkarawun. Ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù. June tí ewé rẹ̀ nípọn, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Láàárín òru kan, wọ́n lè sọ Patriot di asẹ́.

Mo ti da èèpo ẹyin yí i ká. Mo ti lẹ okùn bàbà mọ́ ìkòkò. Mo ti wọ́n ata gígún síbẹ̀, òjò Manchester fọ̀ ọ́ lọ kí n tó ti ilẹ̀kùn. Ó dùn mí nígbà tí mo wá mọ̀ pé ní 2018, RHS, ẹgbẹ́ olọ́gbà tó lórúkọ jù nílẹ̀ yìí, ti dán èèpo ẹyin, okùn bàbà, òkúta wẹẹrẹ, irun àgùntàn àti èèpo igi wò lórí lẹ́tíùsì, tí kò sí èyí tó dá ìgbín dúró nínú wọn. Oògùn aláwọ̀ búlúù tí àwọn àgbà ń fọ́n ká láyé ọjọ́un, ìjọba ti fòfin dè é láti 2022 nítorí ó ń pa ẹyẹ àtàwọn ẹranko kéékèèké. Ọdún yẹn kan náà ni RHS ní àwọn ò ní máa ka ìgbín mọ́ apanirun mọ́. Ká ní wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé mi ni.

Tọ́ọ̀ṣì ló ṣiṣẹ́ fún mi. Tí òjò bá dá lálẹ́, màá wọ bàtà rọ́bà, màá mú ike áyísìkiriìmù, màá máa ṣa wọ́n. Mo ti ṣa 43 rí lálẹ́ ọjọ́ kan. Àárọ̀ ọjọ́ kejì màá gbé wọn lọ sí pápá tó wà nípẹ̀kun àdúgbò. Ọmọkùnrin Oǹdó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru gbọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹran ọ̀fẹ́ lẹ ń dà nù yẹn!" Mo fi fọ́tò hàn án. Ó wo bí wọ́n ṣe kéré tó, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ.

Mo tún máa ń se áàyù: odindi méjì nínú omi lítà kan, màá sẹ́ ẹ, màá jẹ́ kó tutù, màá bu ṣíbí ìjẹun méjì sínú kẹ́ẹ̀nì ìbomirin lítà márùn-ún, màá wọ́n ọn sára ewé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Gbogbo àdúgbò á máa rùn bí ilé aláta. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn aràn tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, tí èèyàn ń po mọ́ omi dà sílẹ̀, tí wọ́n ń wọnú ìgbín oníhòòhò lọ pa á. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọjá ìwọ̀n 5 kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Inú fíríìjì ni wọ́n ń gbé kó tó dìgbà náà. Mo kọ "MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN" sórí ti ọdún yìí, nítorí ti èṣí, ọkọ mi ti ń wá sísọ́ọ̀sì tó máa fi já a. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gúsí ló wà, ó rò pé èlùbọ́ ni.

Ohun kan ṣoṣo tó bà mí nínú jẹ́ gan-an ni hosta kan tí mo rà lẹ́dìnwó ní ilé ìtajà kan, pọ́n-ùn mẹ́ta. Ọnà ara rẹ̀ kò wọ́pọ̀: àwọ̀ ewé tó dúdú ṣàn tẹ̀lé iṣan ewé lórí ilẹ̀ pípọ́n, bí yíǹkì tó dà sórí ìwé. Mo yọ̀ bí ẹni rí owó he. Fáírọ́ọ̀sì ni. Hosta Virus X ni wọ́n ń pè é, Minnesota ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1996, kò sì gbóògùn. Kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, àwọn oníṣòwò ti fún àwọn tí àrùn yẹn ṣe lọ́nà lórúkọ, wọ́n ń tà wọ́n bí oríṣi tuntun. Oje ara ewé ló fi ń ràn, ọ̀bẹ tí a fi gé èyí tó ní in lè gbé e dé ara òmíràn. Mo hú u, mo dì í sínú ọ̀rá. Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń fọ ọwọ́ níbi iṣẹ́ ni mo ṣe ń fọ ọ̀bẹ nílé, pẹ̀lú bíléèṣì, láàárín hosta kan sí èkejì.

Màámi kò tíì yé bi mí bóyá ó ṣeé jẹ. Ó ṣeé jẹ o. Ní Jàpáánì, urui ni wọ́n ń pe ọ̀mùnú rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, wọ́n ń bọ̀ ọ́ jẹ. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní, "Ìwọ wá ń fi ẹ̀fọ́ ṣe ọ̀ṣọ́." Wọ́n ní pẹ̀rẹ́gún ló wà ní ọgbà tiwọn, kò sì sí ọjọ́ kan tó sá wọlẹ̀. Mi ò tíì sọ fún wọn pé mo rí pẹ̀rẹ́gún náà níbí, èyí tó ní ìlà pípọ́n láàárín ewé, nínú ìkòkò, ní ogún pọ́n-ùn.

Lálẹ́ àná mo jáde láti lọ yẹ ilẹ̀ wò. Patriot ti yọ ṣóńṣó mẹ́sàn-án, ó mú bí ẹnu gègé. Undulata ti yọ mẹ́rin. Nídìí àtẹ̀gùn, Fire and Ice yọ ẹyọ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti wò ó dáadáa, ihò kékeré kan ti wà létí rẹ̀, itọ́ sì ń dán lórí òkúta títí dé abẹ́ ìkòkò. Mo wọlé lọ mú tọ́ọ̀ṣì.