Wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti gbọ̀ngàn ìlú dé. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sùn láìkọ ohun tí mo gbọ́ lónìí sílẹ̀, torí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ẹnu àwọn àgbà díẹ̀ tó ṣẹ́kù ló wà.

Fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé etí yín: àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ti ri òpó kọnkéré sínú ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní apá tó kọjú sí títì tó lọ sí Adó-Èkìtì. Ibẹ̀ ni pápá bọ́ọ̀lù wà. Ibẹ̀ ni oko ilé ìwé wà, àti àwọn igi tíìkì tí àwọn tó ṣáájú wa gbìn. Wọ́n ní oníṣòwò kan fẹ́ kọ́ súpámákẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí tó fẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ìlú jọ kí wọ́n tó wá wọn ilẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló kọ́kọ́ rí òpó náà nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ló délé sọ fún òbí wọn. Báyìí ni ìlú ṣe gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí gbọ̀ngàn fi kún títí dé ìta lónìí. Kábíyèsí rán ìjòyè kan wá jókòó fún wọn. Àwọn olórí ẹbí tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wá, ìyálọ́jà wá pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́jà, pásítọ̀ àti ààfáà jókòó pọ̀, àwọn ọlọ́kadà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde pọ̀ níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn kan ti Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ wá.

Olórí ẹbí tó dàgbà jù nínú wọn ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá jókòó sọ ọ́, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́ kí ohùn wọn lè dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ọmọ tó bá mọ̀wé nílùú yìí kò níbi tí yóò lọ lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Christ's School wà ní Adó láti 1933, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló lè wọ ibẹ̀, bàbá mélòó ló sì lè san owó rẹ̀? Lẹ́yìn náà ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní 1955. Ọmọ olóko, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọbìnrin tí wọn ì bá ti fi sílé, gbogbo wọn wọlé ìwé. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde, àwọn tó fẹ́ tẹ̀síwájú ti pọ̀ ju àyè tó wà fún wọn lọ fíìfíì.

Ìgbà yẹn ni ìlú jókòó pé àwọn yóò kọ́ tiwọn. Bàbá ní gbogbo ọkùnrin ló dáwó, àwọn tó ní kòkó sì san ju àwọn tó kù lọ. Àwọn obìnrin ló ru omi àti yanrìn láti odò. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi mọ ilé àkọ́kọ́, àdúgbò kan lónìí, àdúgbò mìíràn lọ́la, wọ́n á sì gúnyán fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Bàbá alára ru búlọ́ọ̀kù alámọ̀ títí èjìká wọn fi bó.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìpàdé fi kígbe. Wọ́n ní, “A kò ta ilẹ̀ yẹn fún ìjọba. A kò tà á fún ìjọ kankan. A ní kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ. Bí wọn ò bá fẹ́ fi kọ́ ọmọ mọ́, kí wọ́n wá sọ fún wa.”

Ohun tó wà lọ́kàn mi látìgbà náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà ní Èkìtì mọ ohun tí ilẹ̀ oko jẹ́ fún ẹbí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí yẹn fi ilẹ̀ tí kòkó ti ń so lórí rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gé kòkó náà, àwọn ọmọ wọn sì wá oko lọ síbi tó jìnnà. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe é kò lè kọ orúkọ ara wọn, ìka ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n máa ń pe Èkìtì ní ilẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, inú wa sì máa ń dùn tí a bá gbọ́ ọ. Àwọn tó tẹ̀ka yẹn ló san owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n fún wa ní ìdí tí wọ́n fi fún wa, ìdí náà kò sì yí padà nítorí pé títì ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí owó ilẹ̀ sì ti lọ sókè.

Aṣojú àwọn tó fẹ́ tà á náà sọ̀rọ̀, mo sì fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní òrùlé kíláàsì ń jò. Òótọ́ ni. Ó ní yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò ní ohun èlò, pé àwọn ọmọ ń fi ìwé nìkan kọ́ kẹ́mísírì. Òótọ́ ni, mo ti fojú ara mi rí i. Ó ní kò sí ògiri yí ilé ìwé ká, màlúù ń wọlé bó ṣe wù wọ́n. Ìyẹn náà rí bẹ́ẹ̀. Ó ní apá tí wọ́n fẹ́ tà kò wúlò fún nǹkan kan, àti pé owó rẹ̀ ni wọ́n máa fi tún ìyókù ṣe.

Ìyá kan láti inú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dìde, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n sì béèrè pé, “Ọmọ mi, àpò ta ni owó náà máa wọ̀?” Ó ní wọ́n ṣì ń jíròrò lórí rẹ̀. Ìyá ní ṣé ilé ìwé ní àkáǹtì tirẹ̀ tí owó náà máa bọ́ sí. Ó tún ní wọ́n ṣì ń jíròrò. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì jókòó. Mi ò rò pé ọkùnrin náà jẹ́ ènìyàn burúkú. Wọ́n rán an wá láìfún un ní ìdáhùn ni.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé gbogbo owó náà dé ilé ìwé pátá. Òrùlé tí wọ́n bá kàn lónìí yóò tún jò tó bá pẹ́. Ilẹ̀ wo ni wọ́n máa tà nígbà náà?

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ pé ilẹ̀ náà “kò wúlò”. Ní 1979, nígbà tí ìjọba Ajasin ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ (Èkìtì ò tíì dá dúró nígbà náà, ó di 1996) sọ ilé ìwé gírámà di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ rọ́ wọlé kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni rò. Bàbá kan tó kọ́ wa ní jọ́gíráfì nígbà kan rán wa létí èyí. Wọ́n ní àwọn kíláàsì tuntun tí wọ́n sáré kọ́ nígbà yẹn, orí ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní igbó lásán ni wọ́n kọ́ wọn sí. Ká ní ẹnì kan ti tà á ṣáájú, abẹ́ igi ni ìdajì àwọn ọmọ yẹn ì bá ti kàwé. Ilé ìwé tí kò ní àyè kò lè dàgbà. Ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ kò wúlò ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún yìí nìkan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde tó ní òun fara mọ́ súpámákẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní òun ti jáde ilé ìwé gíga, òun ò ríṣẹ́, ọkadà ni òun ń gùn. Wọ́n hó lé e lórí. Mi ò fẹ́ràn ìyẹn rárá, mo sì sọ fún àwọn tó wà nítòsí mi. Ohun tó sọ kì í ṣe ohun tí a ń hó lé lórí. Iṣẹ́ ni ọmọ náà ń wá. Ṣùgbọ́n ìjòyè tí Kábíyèsí rán dá a lóhùn bí bàbá ṣe ń dá ọmọ lóhùn: “Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má kọ́ ọ sílùú yìí. Ilẹ̀ wà lójú títì tó jáde nílùú, àwọn ẹbí tó ni ín fẹ́ tà. Kí wọ́n lọ rà á lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì gbà ọ́ síṣẹ́ níbẹ̀.” Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́. Àmọ́ kí ló dé tí oníṣòwò náà kò lọ síbẹ̀? Ẹbí máa bá a dúnàádúrà ni. Ilẹ̀ ilé ìwé kò ní ọmọ tó máa ní kí ó fi kún un.

Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri pé owú ọjà ló ń jẹ àwọn ìyá ọlọ́jà. Màmá ìyálọ́jà pa ọ̀rọ̀ yẹn lójú gbogbo wa. Wọ́n ní, “Ọjọ́ ọjà wa ń pé, àwọn ará oko ń kó iṣu wá, àwọn ará Adó ń wá rà á. Mi ò bẹ̀rù ẹni tó tún fẹ́ tajà. Owó orí àtẹ ni mo fi rán ọmọ mẹ́fà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Ìdí tí mo fi wá síbí nìyẹn.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnì kan ní ìdàgbàsókè ni ilé ìtajà ńlá, pé ká má dènà rẹ̀. Mo béèrè àyè, mo sọ tèmi. Mo ní ní 2005 ni Shoprite ti South Africa ṣí ilé ìtajà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Èkó. Ní 2021, ó ta òwò náà fún ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, oníṣòwò ń wọlé, oníṣòwò ń jáde, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó dé ò tíì jáde ilé ìwé gírámà nígbà tó lọ. Bí oníṣòwò tiwa náà bá lọ, ta ló máa dá pápá padà fún àwọn ọmọ?

Lọ́yà kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ṣàlàyé òfin fún wa, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé ìjà ọ̀hún lè dé ibẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ó ní kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Abala 28 gbà á láàyè láti gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó bí ire aráàlú bá béèrè fún un. Abala 51 sì ka àwọn ohun tó ń jẹ́ ìlò aráàlú: ètò ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ gbangba. Ṣọ́ọ̀bù aládàáni kò sí níbẹ̀. Ó ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́ ní 1991 pé gbígba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan láti fi í fún aládàáni mìíràn kò bá òfin náà mu. Ó wá kìlọ̀ fún wa pé òfin nìkan kò tó, àfi kí ẹ̀rí wà nílẹ̀. Ìwé tí àwọn ẹbí tẹ̀ka sí dà? Ẹbí kan ní àwọn ní tiwọn, ó wà nínú àpótí bàbá wọn tó ti kú. Àwọn yòókù ní àwọn máa wá a.

A tún sọ̀rọ̀ omi. Ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ga ju àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, pápá àti oko yẹn ló ń fa omi òjò mu. Bí wọ́n bá da kọnkéré bò ó, ilé àwọn ènìyàn ni omi máa gbà. Àwọn ará àdúgbò náà ti mọ èyí kí a tó sọ ọ́.

Ní ìparí, ìlú fohùn ṣọ̀kan pé a ó kọ ìwé ẹ̀hónú, àwọn olórí ẹbí, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ àti àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò lè kọ̀wé yóò tẹ̀ka, bíi ti àwọn baba wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Àwọn òpó yẹn wá ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ hú wọn lóru òní. Ìjòyè ní rárá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n, kí wọ́n má baà sọ wá di ọ̀daràn. Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ èmi náà ń yún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò àwòrán: ti pápá, ti oko ilé ìwé, ti eré ìdárayá, ti ọjọ́ tí ẹ ń gbin igi. Kọ ọdún rẹ̀ sẹ́yìn bí o bá rántí. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá wà láyé tí wọ́n bá wọn ru omi tàbí búlọ́ọ̀kù, ẹ jókòó tì wọ́n lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù. Ìwé náà máa kúrò lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Ajé, ohun tó bá dé kí ó tó di ìgbà náà ni màá fi mọ́ ọn.