Ìlú ni wá, a kì í ṣe àdúgbò

Gbólóhùn kan ni ó wà lọ́kàn mi láti ọ̀sán, n kò sì rò pé oorun yóò kùn mí bí n kò bá kọ ọ́ síbí. Ìyá aláró kan ni ó sọ ọ́ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, kì í sì ṣe èmi ni ó ń bá wí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń kọ orúkọ ibi gbogbo sórí OpenStreetMap, máàpù orí ayélujára tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, ni ó bi ọmọbìnrin màmá náà léèrè pé àdúgbò wo ni wọ́n ti wá, ọmọ náà dáhùn pé Kémta, ni màmá bá dá sí i láìgbé ojú kúrò lára aṣọ tí ó ń fà yọ nínú ìkòkò: "Ìlú ni wá, a kì í ṣe àdúgbò."

Ó parí. Kò ṣàlàyé, kò sì bínú. Aró ń kán sílẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, aṣọ náà sì ṣì ní àwọ̀ ewé bí ó ti máa ń rí nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí atẹ́gùn tó sọ ọ́ di aláró. Ọmọ wa di fóònù mú, àtàǹpàkò rẹ̀ dúró lókè ibi tí a ti ń yan irú ibùdó: town (ìlú), suburb (apá ńlá kan nínú ìlú), quarter (apá tí ó kéré sí i), neighbourhood (àdúgbò). Ó wò mí. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé a ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí, tàbí pé a rò bẹ́ẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, ẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ máàpù yìí, fi gbogbo dátà rẹ̀ bá wa jiyàn. A fẹnu kò pé place=suburb, ìyẹn tag (àmì tí ń sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́ lórí máàpù), ni yóò wà lórí gbogbo ìlú Ẹ̀gbá tí ó wà nínú Abẹ́òkúta, kí place=neighbourhood sì wà fún ibi tí kò tó bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ọn nígbà náà, mo sì fara mọ́ ọn di òní. Tàbí n kò fara mọ́ ọn mọ́.

Òtítọ́ ni màmá sọ. Abẹ́ Olúmọ kọ́ ni Kémta ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú ni, nínú igbó Ẹ̀gbá, kí ogun tó tú wọn ká. Nígbà tí wọ́n sì tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé ibí ní 1830, wọn kò yọ́ mọ́ ara wọn, ṣe ni ìlú kọ̀ọ̀kan kó orúkọ rẹ̀, oyè rẹ̀ àti àwọn ògbóni rẹ̀ dání, tí ó sì tún ilé kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Àwọn Òwu dé lẹ́yìn wọn, wọn kò sì sọ tiwọn nù. Ìdí nìyẹn tí ìlú kan ṣoṣo fi ní Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu títí di òní olónìí. Àwa wá jókòó ti fóònù, a ní suburb.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi town sí i ńkọ́? Orúkọ tí ó jẹ́ town máa ń hàn lórí máàpù láti òkèèrè ju suburb lọ, nítorí náà Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ yóò sọnù sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n má fi tag wá ìyì. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni kí a kọ. Kí ni ó wà nílẹ̀, nígbà náà? Ìtòkú ni màmá jókòó sí tí ó ti ń sọ pé Kémta ni òun. Kò sí odi, kò sí pátákó. Ààlà náà wà nínú agboolé àti nínú oríkì. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti ti Gúúsù nìkan ni a lè fa ìlà yí ká, kí a sì kọ admin_level=6, tag ààlà ìjọba ìbílẹ̀, sí i, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń fi ìyẹn kí ara rẹ̀.

Ọ̀nà ni ó rọrùn. Ìlànà tí a ń tẹ̀lé fún ọ̀nà Áfíríkà ni pé iṣẹ́ tí ọ̀nà ń ṣe ni a fi ń mọ ipò rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà ojú rẹ̀: bí ó bá so ìlú ńlá méjì pọ̀, kí ó jẹ́ primary (ọ̀nà pàtàkì) bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀, kí ẹrẹ̀ náà sì wà nínú surface, tag tí ń sọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí. Ọ̀nà kì í dá èèyàn lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò.

Òjò lé wa kúrò ní Sápọ́n ní ìrọ̀lẹ́. A ti kọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kí ó tó dé.

Láti ìgbà tí Steve Coast ti dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní 2004, kò sí adájọ́ kan tí ó ń sọ pé tag yìí tọ́, èyí kò tọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí gbogbo ayé tẹ́wọ́ gba tirẹ̀ yóò kọ àbá, a óò jiyàn, a óò sì dìbò fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Mo máa ń fi èyí yangàn. Lónìí, mo kàn ń rò ó pé àwọn tí ó wà níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fẹnu kò, pé kò sí aláró kankan nínú wọn. N kò sì fẹ́ tan ara mi: bí mo bá ka àbá bẹ́ẹ̀ sí màmá létí, yóò lé mi dànù, oníbàárà ń dúró.

Àti pé Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn kò jẹ̀bi, ìyẹn gan-an ni ó ń dùn mí. Bí Èkó bá kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí Ìbàdàn kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tí ó bá ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo suburb Nàìjíríà jọ kò ní rí Kémta rárá. Ìfẹnukò tí kò péye sàn ju òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè wá rí lọ. Bóyá. N kò tíì lè sọ ọ́ sókè láìrẹ ohùn sílẹ̀.

Suburb yóò dúró. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè dá tag sílẹ̀, mo sì ti ń ro ọ̀kan tí yóò máa bá a rìn, tí yóò sọ pé ìlú Ẹ̀gbá Aláké ni Kémta, kí ti Gbágùrá àti ti Òkè-Ọnà náà sì hàn. Taginfo, ojúlé tí ń ka iye ìgbà tí a lo tag kọ̀ọ̀kan, yóò kà á bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa nìkan ni a ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n yóò pariwo pé a tún ti dá tiwa sílẹ̀. Kí ó wá sí Ìtòkú wá pariwo rẹ̀.